Ọmọ Ajá Nínú Ilé Ẹ̀wọ̀n: Bí Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Ti Ń Tọ́ Ajá Olùrànlọ́wọ́ Ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà



Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò tí ì rí afọ́jú tí ọmọ kékeré kan ń fi ọ̀pá fà lọ ní ẹ̀bá ọjà. Afọ́jú di ìdí ọ̀pá mú lẹ́yìn, ọmọ di orí rẹ̀ mú níwájú. Ọmọ náà ni ń kìlọ̀ fún un pé kòtò wà níhìn-ín, pé ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Òun náà ni ó sì ń mú un padà wá sílé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ yìí ń ka ìwé, òun kò kà. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pá ni òun ń dì mú. Ojú ọmọ ni a fi ń san gbèsè ojú bàbá.

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti àwọn tí wọ́n wá ojú mìíràn fún afọ́jú, àti ọwọ́ mìíràn fún arọ, láti ara ajá. Àti ní pàtàkì jù lọ, ti ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ajá náà dàgbà, èyí tí í ṣe inú ilé ẹ̀wọ̀n, ní ọwọ́ àwọn tí adájọ́ ti dá lẹ́bi nítorí olè, nítorí ìjà, àní nítorí ìpànìyàn pàápàá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni n ó sì mú yín lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀dọ̀ wa, ajá wà fún ṣíṣọ́ ilé, ó wà fún ọdẹ, ó sì wà fún Ògún. Ta ni ó gbọ́ rí pé ajá ń tan iná fún ènìyàn? Ṣùgbọ́n bí ọdẹ kan bá wà láàrin wa, òun kò ní rẹ́rìn-ín. Ọdẹ mọ̀ pé a kì í ra ajá tí ó mọ iṣẹ́ ní ọjà. Kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ, ìkọ́ni náà a sì máa gba ọjọ́ ayé ẹni.

Ní ọdún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń fọ́ ojú àwọn ọmọ ogun Jámánì, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Gerhard Stalling dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Oldenburg, níbi tí a ti ń kọ́ ajá láti máa ṣe amọ̀nà afọ́jú. Ní ọdún 1929, Morris Frank, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú, àti Dorothy Harrison Eustis bẹ̀rẹ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pè é ní The Seeing Eye. Fún ọdún púpọ̀, afọ́jú nìkan ni ó ń jẹ àǹfààní náà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Bonita Bergin ni ó mú un gbòòrò. Ó ti rìn ìrìn-àjò ní ilẹ̀ Éṣíà, ó sì ti rí bí àwọn arọ ti ń fara ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti fi rìn. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá lè ṣe èyí ní ìgboro, èéṣe tí ajá kò fi ní lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé? Ní ọdún 1975 ó dá ẹgbẹ́ Canine Companions for Independence sílẹ̀ ní California.

Láti ìgbà náà ni ajá olùrànlọ́wọ́ ti wà ní oríṣiríṣi. Òmíràn ń gbé ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ń fa ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tí ó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Òmíràn wà pẹ̀lú adití: bí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún, tàbí bí ọmọ bá ń ké, yóò fi imú kan olúwa rẹ̀, yóò sì mú un lọ sí ibi tí ìró náà ti wá. Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1990 fún àwọn aláàbọ̀ ara fi àyè sílẹ̀ fún irú ajá bẹ́ẹ̀ láti bá olúwa rẹ̀ wọ ilé oúnjẹ, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì, níbi tí a ó ti lé ajá mìíràn jáde. Irú ajá tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ ni èyí tí à ń pè ní Labrador. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ń bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Newfoundland, wọ́n ń wẹ̀ lọ mú okùn àwọ̀n wá, wọ́n sì ń gbé ẹja tí ó bá já bọ́. Nítorí náà ẹnu rẹ̀ rọ̀. Ó lè gbé ẹyin adìyẹ láìfọ́ ọ. Ẹ rò ó wò bí èyí ti ṣe pàtàkì tó fún ẹni tí yóò máa gba ìgò oògùn rẹ̀ láti ẹnu ajá.

Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí ajá bẹ́ẹ̀? Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn náà ti le.

A ń bí ọmọ ajá pẹ̀lú ojú dídì. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì ojú rẹ̀ a là. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé bí ọ̀sẹ̀ kejìlá tàbí ìkẹrìnlá, ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu: ohun gbogbo tí ó bá rí, tí ó gbọ́, tí ó gbóòórùn ní àkókò náà, ó gbà á bí ohun tí ó yẹ kí ó wà ní ayé. Bí ó bá rí ènìyàn, ènìyàn di ẹbí rẹ̀. Bí kò bá rí ènìyàn, yóò máa bẹ̀rù ènìyàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, John Paul Scott àti John Fuller, fi ọdún púpọ̀ wo èyí ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní ọdún 1965. Clarence Pfaffenberger, ẹni tí ó ń bá ilé-ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà kan ní California ṣiṣẹ́, rí i bákan náà pé ọmọ ajá tí ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n nígbà ìdánwò a máa kùnà ní ẹ̀yìn ọ̀la bí a bá fi í sílẹ̀ nínú àgò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré láìsí ẹni tí yóò bá a ṣeré. Nítorí náà kò ṣeé ṣe láti kó ọgọ́rùn-ún ọmọ ajá sínú àgbàlá kan kí a máa tọ́ wọn bí adìyẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Láti ọdún 1942 ni The Seeing Eye ti ń fi ọmọ ajá lé àwọn ìdílé lọ́wọ́ láti tọ́ wọn dàgbà. Àwọn ìdílé wọ̀nyí ṣe dáradára, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ilé ti rí. Bàbá lọ síbi iṣẹ́, ìyá lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ajá dá wà nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń jẹ bàtà. Ohun tí ajá ń fẹ́ jù oúnjẹ lọ ni àkókò, àkókò sì ni ohun tí ẹni tí ó wà ní òmìnira kò ní.

Ẹni tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ní in. Òun ni ohun tí a fi dá a lẹ́jọ́. Adájọ́ kò sọ fún un pé, Mo gba ilé rẹ, tàbí, Mo gba apá rẹ. Ọdún ni ó kà lé e lórí.

Kí a tó mú ajá wọ ilé ẹ̀wọ̀n, ẹyẹ kan ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ní ọdún 1975, ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Lima, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí a ń tì àwọn ọ̀daràn tí orí wọn kò pé mọ́, àwọn aláìsàn kan rí ẹyẹ tí ó fara pa, wọ́n fi í pamọ́, wọ́n sì ń bọ́ ọ. Àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ẹyẹ náà. David Lee, òṣìṣẹ́ kan ní ibẹ̀, ṣàkíyèsí èyí. Ó fi ẹran ọ̀sìn sí ọ̀dọ̀ àwọn kan fún ọdún kan, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn mìíràn tí kò ní ẹran ọ̀sìn. Ìròyìn wọn ni pé oògùn tí àwọn tí ó ní ẹran ọ̀sìn lò jẹ́ ìdajì ti àwọn ìyókù, pé ìjà wọn sì dín kù. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní nǹkan kan láti tọ́jú, ìgbà mẹ́jọ ni àwọn ènìyàn gbìyànjú láti pa ara wọn.

Ẹni tí ó mú ajá wọlé ní tòótọ́ ni obìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí à ń pè ní àhámọ́. Sístà Pauline Quinn sá kúrò nílé nígbà èwe rẹ̀ nítorí ìyà. A gbé e láti ilé ìtọ́jú kan sí òmíràn, ó sì sùn ní ìta. Àwọn ènìyàn ti já a kulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wo ojú ènìyàn. Ajá ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joni ni ó fún un ní ìgboyà láti máa rìn láàrin ènìyàn. Ní ọdún 1981, òun àti Leo Bustad, olórí ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin ní Gig Harbor ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ń gba ajá, wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń fi í fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ó tọ́ kí a sọ pé Bustad pàápàá ti jẹ́ òǹdè rí: wọ́n mú un ní Anzio ní ilẹ̀ Ítálì nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì sì tì í mọ́lé títí ogun náà fi ń parí lọ. Ẹni méjì tí wọ́n ti wo ayé láti ẹ̀yìn irin ni wọ́n ronú irú nǹkan yìí. Bustad kú ní ọdún 1998, Sístà Pauline ní ọdún 2020.

Láti ibẹ̀ ó tàn káàkiri. Ní ọdún 1997, Gloria Gilbert Stoga dá ẹgbẹ́ Puppies Behind Bars sílẹ̀ ní New York, èyíinì ni Ọmọ Ajá Lẹ́yìn Irin. Ọmọ ajá márùn-ún ni ó kọ́kọ́ gbé wọ Bedford Hills, ilé ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin tí ìṣọ́ rẹ̀ le. Ajá amọ̀nà afọ́jú ni wọ́n ń tọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù ọdún 2001 sí New York, wọ́n fi ajá tí ń gbóòórùn bọ́m̀bù kún un; ní ọdún 2006 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní Iraq àti Afghanistan. N ó fi ara mọ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí àti àwọn tí ó dà bí i rẹ̀ láti fi ṣàlàyé bí ọ̀nà náà ti rí.

Ọmọ ajá dé nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ní kété tí ó yẹ kí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. A gbé e fún ẹlẹ́wọ̀n kan, ó sì ń bá a gbé nínú yàrá rẹ̀. Àgò rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ní òru, ọmọ ajá a ké. Ẹni náà gbọ́dọ̀ dìde, kí ó pe wọ́dà, kí a ṣí ilẹ̀kùn irin, kí ó sì gbé e lọ sí ìta láti tọ̀, ìbáà ṣe pé òjò ń rọ̀, ìbáà ṣe pé yìnyín bo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí. Àwa tí a máa ń lọ bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò mọ̀ pé kì í ṣe ebi ni ó máa ń pa ọkàn wọn jù lọ. Ohun tí ó ń pa á ni pé kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí ó ń retí wọn ní òwúrọ̀. Ìgbà tí wọ́n ó jí, ìgbà tí wọ́n ó jẹun, ìgbà tí wọ́n ó wẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ti pinnu rẹ̀. Nísinsìnyí ohun kan wà nínú yàrá náà tí, bí òun kò bá dìde, yóò ba ara rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ láti ìta a máa wá déédéé láti kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ìwé wà tí wọ́n ní láti kà, ìdánwò sì wà. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ láti ara fèrè: ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ajá ń kọ́ ni orúkọ rẹ̀, pé bí ó bá gbọ́ orúkọ náà kí ó gbójú sókè. Bí ó bá gbójú sókè, a fi oúnjẹ díẹ̀ sí i lẹ́nu ní ojú ẹsẹ̀. Bí oúnjẹ náà bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, ajá ti ronú kan ohun mìíràn. Yóò rò pé nítorí pé òun wo ẹyẹ ni a ṣe fún òun ní oúnjẹ. A kì í na ajá. Kì í ṣe nítorí àánú nìkan: ajá tí a nà mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni arọ sì ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iná títàn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ń ya ẹni lẹ́nu títí a ó fi mọ ọ̀nà rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹlẹ́wọ̀n na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọ ajá súnmọ́ ọn láti gbóòórùn, imú rẹ̀ kan ọwọ́, ó gba oúnjẹ. A ṣe é ní ìgbà ogún, ọgbọ̀n, títí yóò fi yé e pé kíkan ọwọ́ ni ó mú oúnjẹ wá. Nígbà náà ni a ó fi ọ̀rọ̀ kan sí i, bíi “Kàn án.” Lẹ́yìn èyí a lẹ bébà kékeré mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ajá kan bébà. A mú bébà náà kúrò lọ́wọ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ìsàlẹ̀, ajá lọ kàn án níbẹ̀. Lójoojúmọ́ a gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, títí ajá yóò fi gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ògiri kí imú rẹ̀ tó bà á. Ní ìkẹyìn a lẹ bébà náà mọ́ orí ibi tí à ń tẹ̀ láti tan iná. Ajá tẹ̀ ẹ́, iná tàn. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé bébà náà kéré, kéré, títí kò fi sí mọ́. Kò sí idán níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó wà níbẹ̀, àti ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ.

Bákan náà ni fífa ilẹ̀kùn: okùn tí a so mọ́ ilẹ̀kùn, tí a kọ́kọ́ fi bá ajá ṣeré. Bákan náà ni gbígbé nǹkan. Èyí tí ó le jù lọ, bí mo ti rò ó, ni ìkóra-ẹni-níjàánu: a ju ẹran sí ilẹ̀ ní iwájú ajá tí ebi ń pa, a sọ pé “Fi í sílẹ̀,” ajá sì gbójú kúrò. Ẹni tí yóò kọ́ ajá ní irú ẹ̀kọ́ yìí kò lè bínú. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ajá mọ̀. Bí ó bá fa okùn pẹ̀lú ìbínú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bàjẹ́. Ìbínú ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀, ó sì dé ọwọ́ ẹranko kan tí kì í dáhùn sí ìbínú. Àwọn náà a máa jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ láti kọ́ ajá, kí ó lè mọ bí a ti ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ irin.

Fún àwọn ọmọ ogun, ẹ̀kọ́ mìíràn wà. Ẹni tí ó ti ojú ogun dé, tí àlá búburú ń dẹ́rù bà ní òru, nílò ajá tí yóò tan iná kí ó sì jí i. Ẹni tí kò lè dúró ní ilé ìtajà nítorí ó ń rò pé ẹnì kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn nílò ajá tí yóò jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò sì kọjú sí ibi tí òun kò lè rí. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń kọ́ ajá ní èyí, àwọn tí wọ́n mọ̀ dáradára bí ó ti rí láti máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara ẹni.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ayé. Ajá tí ó dàgbà níbẹ̀ mọ ìró ilẹ̀kùn irin, kò sì mọ ìró agogo ẹnu ọ̀nà ilé. Kò rí ọmọ ìkókó rí. Kò wọ ọkọ̀, kò rí ọjà, kò mọ ẹ̀rọ tí ń gbá ilẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ tí ó bá jáde, yóò gbọ̀n bí ewé. Nítorí náà ni àwọn ará ìlú tí ó yọ̀ǹda ara wọn fi máa ń wá mú ajá náà jáde ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n mú un rìn ní ìgboro, kí wọ́n sì dá a padà. Ní ilẹ̀ Japan wọ́n fi èyí ṣe ìpìlẹ̀ gan-an. Ní ilé ẹ̀wọ̀n Shimane Asahi, tí a ṣí ní ọdún 2008, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń tọ́ ọmọ ajá amọ̀nà ní àárín ọ̀sẹ̀, àwọn ìdílé àdúgbò sì ń gbà á ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í rí ara wọn. Ìwé kékeré kan ni ó ń bá ajá lọ tí ó sì ń bá a bọ̀, nínú èyí tí wọ́n ń kọ bí ó ti jẹun àti ohun tí ó dẹ́rù bà á.

Mo ti gbọ́ àtakò púpọ̀ sí ọ̀ràn yìí, díẹ̀ nínú wọn sì ní ìwúwo. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹlẹ́wọ̀n yóò fi ìyà jẹ ẹranko. A ń ṣọ́ èyí: ọ̀pọ̀ ibi kì í gba ẹni tí ó ti ṣe ọmọdé tàbí ẹranko níbi, wọ́n ń wo ìwà ẹni náà nínú ẹ̀wọ̀n fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbà á, a sì lè gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó bá rú òfin. Àwọn mìíràn a máa yìn ín ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n ń sọ pé ẹni tí ó bá tọ́ ajá kì yóò padà sí ẹ̀wọ̀n láé. Ẹ fi ọgbọ́n gbọ́ èyí. Ẹni tí ìwà rẹ̀ ti dára tẹ́lẹ̀ ni a yàn fún ajá. Bí ó bá jáde tí kò sì padà, ta ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ajá àti èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ yíyàn? Nínú èso yìí, irúgbìn ní ìpín tirẹ̀, ilẹ̀ ní ìpín tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tí ì fi òṣùwọ̀n pín in dáradára.

Àtakò tí ó wúwo jù lọ ni ti ẹni tí a pa ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò rẹ̀. Ó jókòó sínú ilé tí ó dákẹ́, ó sì gbọ́ pé ẹni tí ó sọ ilé náà di ìdákẹ́jẹ́ ní ọmọ ajá tí ń lá a lójú. Ṣé ìyà ni èyí? Èmi kì yóò sọ fún un pé kò yẹ kí ó bínú. Iṣẹ́ ajá kò san gbèsè ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ọlọ́gbọ́n kan nínú àwọn tí ó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ tí ó sọ pé ó san án. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ajá kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n kí ìyà rẹ̀ lè pé, arọ tí ó ń dúró de ajá náà ni ìyà yóò bá, òun kò sì pa ẹnì kankan. Èyí ni ohun tí ó mú mi fara mọ́ ọ̀nà yìí. Bí ajá náà bá wà fún ìgbádùn ẹlẹ́wọ̀n nìkan, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ajá ni ó ń yege. Òmíràn ń bẹ̀rù ariwo, òmíràn ń lé ọ̀kẹ́rẹ́, òmíràn ní àìsàn egungun ìbàdí tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn Labrador. Àwọn bẹ́ẹ̀ a lọ sí iṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n di ajá ilé. Fún àwọn ajá amọ̀nà, ẹ̀kọ́ ìkẹyìn kò sí lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́ wọn láti kọ àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, láti kọ àṣẹ: bí afọ́jú bá sọ pé “Ó yá, síwájú,” tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, ajá gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in, kí ó má gbọ́ràn.

Ó kù ọjọ́ ìpínyà. Nígbà tí ọdún kan àti ààbọ̀ tàbí ọdún méjì bá pé, ajá gbọ́dọ̀ lọ. Ẹlẹ́wọ̀n náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bí ọmọbìnrin ti mọ̀ pé ẹkún ìyàwó ń bọ̀, mímọ̀ náà kò sì dín ẹkún kù. Àwọn kan nínú wọn ní ọdún púpọ̀ sí i láti lò níbẹ̀. Ajá náà yóò rí òkun, yóò rí àgbàdo nínú oko, àwọn kì yóò rí i. Ní ìgbà mìíràn, ọmọ ogun tí yóò gba ajá náà a wọ inú ilé ẹ̀wọ̀n wá. Ẹni tí ó tọ́ ajá ni ó ń kọ́ ọ bí a ti ń pè é, bí a ti ń san án lẹ́san, ibi tí ó fẹ́ràn kí a máa họ fún un. Fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí ó wà ní òmìnira ni akẹ́kọ̀ọ́, ẹlẹ́wọ̀n ni olùkọ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó tọ́ ajá gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí ajá bá yíjú padà wò ó, kò gbọdọ̀ pè é, kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí i, kí ó lè máa gbọ́ ohùn tuntun náà.

Bí ó bá tún fẹ́, tí àwọn olùkọ́ sì gbà, wọn a gbé òmíràn fún un, ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ, tí kò tí ì mọ ibi tí a ń tọ̀ sí.